Ta ni yóò bá a jókòó nílé? Ìtàn abúlé Aró àti ilé àwọn ìyá ní Akron

  Nọ́ọ̀sì yín tún ti dé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lórí Tramadol àti oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì, ọ̀pọ̀ yín ló pè mí. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe nípa oògùn náà. Ohun tí ẹ ń bi mí ni pé: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti tọ́jú ọmọ yìí, ó ti padà sílé, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Kí ló wá kù tí a ó ṣe?" Ìyá kan fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun lé e lọ sí ìlú mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ní àwọn ti san owó ìtọ́jú, ó ku ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ ọmọ náà.

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, èkejì ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tí ojú ń dùn, kí ọmọ ilé bá a kà á sókè.

Ní 1944, nígbà tí ogun Hitler kò tíì parí, ìjọba òyìnbó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, l'Abẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú sí. Àwọn ọmọ ogun tó ń ti ojú ogun bọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ jà ní Burma nígbà náà, ẹni tó bá sì padà, kì í ṣe ara nìkan ni ogun ń ṣe léṣe. Àwọn tó kọ ìtàn igbó mímu ní Nàìjíríà sọ pé àwọn ọmọ ogun yìí kan náà wà lára àwọn tó mú àṣà igbó mímu wọ̀lú láti ìhà India. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọ wọlé: ẹni tí ogun dà láàmú, àti ohun tó ń fà símú kó lè gbàgbé.

Ẹ kíyè sí i pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n lò. Ti Yaba, l'Ékòó, ti wà láti 1907, èrò kan náà ló wà níbẹ̀: ẹ mú un kúrò láàárín èèyàn, ẹ ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló yí i padà. Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní 1923, kàwé ní Baptist Boys' High School, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Ní 1954 ó gba iṣẹ́ olórí ọsibítù tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aró. Ilé kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de bíríkìlà. Lambo kò dúró. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ọsibítù náà ká, ó ní kí wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé.

Àdéhùn kan wà tí kò ṣeé yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá nìkan wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ó kéré tán. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n ni, àbúrò ìyá ni, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò bá a fọṣọ, tí yóò mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án. (Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó sábà máa ń jẹ́, bí wọ́n bá ti ní kí ẹnì kan nínú ẹbí tẹ̀lé aláìsàn.) Lọ́sàn-án, aláìsàn ń bá àwọn ará abúlé lọ sóko, ó ń bá wọn ta ayò, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń bá wọn jó bí ijó bá wà. Bí ará bá ṣe ń yá a, ojú èèyàn ló ti ń yá.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn ará abúlé rí gbà, nítorí ibẹ̀ la ti sábà máa ń kùnà. Lambo kò ní kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí àánú. Wọ́n ń gba owó yàrá. Ọsibítù yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n ṣe ilé ìgbẹ́, wọ́n ń pa ẹ̀fọn. Abúlé tó gba aláìsàn di abúlé tó sàn ju èyí tí kò gbà á lọ. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè rìn nìyẹn. Àánú tí kò ní owó oúnjẹ nínú kì í pẹ́ kó tó sú èèyàn.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan bínú sí i nítorí èyí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán títí di òní. Màá kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tó dájú ni pé gbogbo ayé wá wo Aró. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà ti ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó lọ di igbá kejì olórí àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva. Òun ni wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan kò kún.

Kí n má ṣì yín lọ́nà o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí àti igbó ni wọ́n torí rẹ̀ dá ètò abúlé sílẹ̀, àrùn ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí igbó fi tọ̀ wọ́n wá síbẹ̀. Ní 1964, Dókítà Tolani Asuni, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ àpilẹ̀kọ nípa wàhálà igbó ní Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí oògùn olóró. Ní 1965 Lambo fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ nípa oògùn tó ń di bárakú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn dókítà wa ti rí i, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀nà méjì ló wà níwájú wa, abúlé àti ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n la yàn. Ní 1966 ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ẹni tó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó mu ún. Wọ́n dín ìyà ẹni tó ń mu ún kù ní 1975, ṣùgbọ́n ní 1985 wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Kírìkírì nítorí òwò oògùn olóró. Àjọ NDLEA dé ní 1989.

Kí ni gbogbo rẹ̀ wá bí? Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní 2018 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Wọn kò ka ọtí mọ́ ọn. Ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ obìnrin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin lásán ni. Nínú àwọn tí tiwọn ti le jù, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ní àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i gbà. Èmi kò ní kí ìjọba má mú àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti di bárakú fún, ẹ̀wọ̀n kò kọ́ ọ bí yóò ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó má wá a lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ ọtí gan-an, ẹ jẹ́ kí n mú yín rékọjá òkun fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó jọ ti Aró jù tí mo mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Akron, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní ọdún mọ́kàndínlógún ṣáájú Aró.

Ní oṣù karùn-ún 1935, oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, wá sí Akron torí òwò. Ọ̀mùtí paraku ni tẹ́lẹ̀, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó fi ọtí sílẹ̀. Òwò náà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ó dúró sí ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń mutí nínú lọ́hùn-ún. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọlé síbẹ̀, ó tán. Ó gbé fóònù, ó pe pásítọ̀ kan tí kò mọ̀ rí, ó ní òun ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí obìnrin kan, Henrietta Seiberling. Obìnrin yìí ti ń wá bí yóò ṣe ran dókítà oníṣẹ́ abẹ kan lọ́wọ́, Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì wá pàdé nílé òun lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì ọ̀hún ni Ọjọ́ Ìyá ní Amẹ́ríkà. Dókítà Bob ní ìṣẹ́jú 15 péré ni òun lè fún un. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó ń bá dókítà yìí sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń wàásù fún un. Ẹni tó ti subú sínú kòtò kan náà rí ni.

Ìyàwó Bob, Anne, ní kí àlejò náà wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ tún kíyè sí èyí: kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni Bob jáwọ́. Ó lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní ìlú mìíràn, ó tún mu àmuyíràá, ó sì padà wálé ní ipò tí kò dára. Wọn kò lé e, wọn kò sì ní kó ti tán. Anne àti Bill jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ọjọ́ tó mutí kẹ́yìn láyé rẹ̀, 10 oṣù kẹfà 1935, ni àwọn Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bá ara wọn jáwọ́ nínú ọtí, ń kà sí ọjọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì wá pe ọsibítù ìlú náà pé àwọn ń wá ọ̀mùtí mìíràn. Nọ́ọ̀sì tó dá wọn lóhùn ní òun ní ọ̀kan níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu nọ́ọ̀sì méjì ni. (Èmi tí mo ń kọ èyí mọ irú ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.) Lọ́yà ni ọkùnrin náà. Wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n sọ ìtàn ara wọn fún un, kò sì fẹnu kan ọtí mọ́ títí ó fi kú ní 1954. Ní 1939, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kò fẹ́ gba ọ̀mùtí rárá, obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, Sister Ignatia, tó ń gba àwọn aláìsàn wọlé ní ọsibítù St. Thomas ní Akron, kọ "inú rírun" sí ìwé ọ̀mùtí kan kó lè ráyè gbé e wọlé. Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi pé mo yìn ín.

Ní New York, ìyàwó Bill, Lois, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá, ó sì ń gba àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ sínú ilé rẹ̀. Ọkọ ti fi ọtí sílẹ̀, ó yẹ kí inú Lois dùn. Lọ́jọ́ kan, bí ọkọ ṣe ní kó ṣe kíá kí wọ́n lọ sí ìpàdé, Lois ṣàdédé ju bàtà lù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà. Ó ya òun alára lẹ́nu. Nígbà tó rò ó dé ìdí, ó rí i pé ọdún gígùn tí òun fi ń ṣọ́ ọkọ, tí òun ń purọ́ bò ó, tí òun ń wá a kiri lóru, ti pa òun náà lára, kò sì sí ẹni tó ń bi òun léèrè àlàáfíà. Àwọn ìyàwó tó ń tẹ̀lé ọkọ wá sípàdé bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó papọ̀ ní ilé ìdáná, wọ́n ń bá ara wọn sọ tiwọn. Ní 1951, Lois àti obìnrin kejì kó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n pè é ní Al-Anon.

Ẹ̀kọ́ wọn le létí ìyá Yorùbá, mo mọ̀. Wọ́n ní o kò lè fi ìṣọ́ mú un jáwọ́. Má bá a purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Má bá a san gbèsè tó jẹ ní ìsọ̀ paraga. Fún un lóúnjẹ, fún un ní àyè láti sùn, má fún un lówó tí yóò fi ra ikú. Kí ìwọ náà sì ní ibi tí o ti ń sunkún tí wọn kò ní rojọ́ rẹ lọ́jà.

Nígbà tí ìwé àwọn ará Akron jáde ní 1939, wọn kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ. Lónìí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé, sọ́dọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè pa èèyàn, torí ìyẹn kò gba ìtàn. Ẹni tó ń mu ògógóró tàbí ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójijì pé kó jáwọ́ lónìí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kó máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kí gìrì gbé e. Ó ń pani. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe orí òkè àdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á lẹ́bàá ibùsùn. Èkejì: ẹni tó ń lo Tramadol, kodéènì tàbí èyí tó le jù wọ́n lọ, tó wá jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kò gbé ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá tún lò ó tó ti àtijọ́, ó lè sùn kó má jí. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó padà délé fi léwu ju bí ẹ ṣe rò lọ, àti ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nìkan nínú yàrá. Bí ẹ bá bá a tó ń hanrun lọ́nà tí kò yé yín, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí kò dáhùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sáré gbé e.

Ó wá ku ta ni yóò bá a jókòó. Lónìí, ta ló lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì bíi ti àwọn tó tẹ̀lé aláìsàn dé Aró? Mo gbà pẹ̀lú yín, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè yan ẹni tí yóò ra aṣọ ẹbí, tí yóò bá ilé ìjọsìn ṣètò, tí yóò sì ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀, lè pín ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ láàárín èèyàn méje. Ẹnì kan bá a lọ gba oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹnì kan jókòó ti ìyá rẹ̀ fún wákàtí méjì kí ìyá náà lè sùn. Bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù gbà á síṣẹ́, kó san owó iṣẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níparí oṣù. Bí ẹni tó ti jáwọ́ rí bá wà ládùúgbò yín, tó sì fẹ́, òun ni kí ẹ fi síwájú gbogbo wa, àní síwájú èmi nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ tiyín. Níbi ìkómọ, ìdáná àti òkú ṣíṣe, ẹ jọ̀wọ́, bí ọkùnrin kan bá sọ pé òun kò mutí, ẹ má ṣe ní "tọ́ ọ wò, kì í ṣe ti ọ̀mùtí la ní kí o ṣe." Ẹ gbé omi tàbí mọ́ọ̀tì fún un láìbéèrè ìdí. Bí àgbà ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Bó bá sì tún subú ńkọ́? Ẹ rántí Dókítà Bob. Àwọn tó subú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ẹ padà mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ní Aró, ẹ̀ka kan wà fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, ọsibítù ti Yaba náà sì ń gbà wọ́n. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe nà án.

Ìyá tó bi mí bóyá kí òun lé ọmọ òun lọ sí ìlú mìíràn, ìbéèrè mi fún yín ni èyí: ta lẹ ní níbẹ̀? Bí ẹ̀gbọ́n yín kan bá wà níbẹ̀ tí yóò gbà á sílé tọkàntọkàn, tí yóò máa mọ ìgbà tó jáde àti ìgbà tó wọlé, kó lọ, ó lè ràn án lọ́wọ́ gan-an. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé yàrá kan lẹ fẹ́ gbà fún un, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ yín.

Ẹnikẹ́ni tó ní ẹni tó ń ti ibi ìtọ́jú bọ̀ wálé lóṣù yìí, ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí èmi nìkan, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú gúrúùpù, ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ náà. Màá wá kí yín nílé pẹ̀lú ẹni kan nínú ẹgbẹ́ tí ẹ bá fọkàn tán. A ó jọ pín ọjọ́ méje náà.